Pẹ́pẹ́yẹ Kì Í Ka Ọjọ́ Kérésì

Tàwàkálítù, aya mi,

Mo kí ọ láti Àgbádárìgì níbí. Ara mi le, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni purọ́ fún ọ. Ìjọba ló ń bọ́ mi, òun náà ló dá aṣọ tí mo wọ̀ fún mi. Iṣẹ́ mi ò wúwo: koríko àyíká ilé ajẹ́lẹ̀ ni mò ń gé.

Ṣùgbọ́n inú ń bí mi! Òyìnbó ní ká máa pa pẹ́pẹ́yẹ odò láti ìgbà tí òjò bá dá títí di Kérésì; lẹ́yìn ìyẹn, èèwọ̀ ni. Ta ló sọ fún pẹ́pẹ́yẹ? Ọyẹ́ ló ń gbé wọn wá, ọyẹ́ sì pẹ́ lọ́dún yìí. Ìgbà tí wọ́n máa fi bà sí ọ̀sà Ajídò, Kérésì ku ọ̀la. Ìwọ náà mọ ohun tí Ìyá mi máa ń wí: àlejò tó ti ọ̀nà jíjìn wá, a kì í yìnbọn sí i kó tó jẹun, kó tó sinmi. Mo dúró títí oṣù tuntun fi lé. Ìbọn mi dún lẹ́ẹ̀kan péré, ọlọ́pàá ti dé. Àwọn òyìnbó tó yìnbọn lù wọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n dé gan-an, òfin ò rí wọn wí! Mo ṣàlàyé fún adájọ́ títí ẹnu mi fi fẹ́ bó, ẹ̀rín ló ń rín.

Má wá ìbọn mi kiri ilé, ó wà lọ́wọ́ ìjọba. Bá mi kí Fàúsátù ọmọ wa. Kí Ìyá dáadáa. Tí wọ́n bá béèrè mi, má sọ ibi tí mò ń sùn. Sọ fún wọn pé àwọn pẹ́pẹ́yẹ náà jẹun yó.

Èmi ni,
Fàsásì, ọkọ rẹ.