Abọ́ Alámì Pupa

Ilé Bọ́lárìnwá,
Òkè-Ẹ̀jìgbò,
Ìlá-Ọ̀ràngún.
Ọjọ́ kẹjọ, oṣù Kejìlá, 1957.

Olúkúnlé, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ìyàwó rẹ ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Bàbá ńkọ́, ṣé egungun wọn ṣì le? Ẹ kú ọ̀gìnnìtìn o. Ọyẹ́ ọdún yìí tètè dé, ó sì ti la gbogbo wa ní ètè. Àwa náà wà níbí, ọpẹ́ ni.

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́ lọ́jọ́ ọjà. Èmi fúnra mi ni mo kà á, èmi náà ni mo sì ń kọ èyí. Oṣù mẹ́fà péré ni mo fi jókòó lórí bẹ́ǹṣì ilé ìwé kí n tó sá lọ ru obì, ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n kàwé jù mí lọ ń bẹ ní Ìlá yìí tí wọ́n ń wá tọrọ iṣẹ́ lẹ́nu ọ̀nà mi. N kò fi ṣe fáàrí. Òótọ́ ni.

O ní ikọ́ tuntun yìí ti wọ ilé ìwé yín ní Ìgbájọ, pé kí n sọ bí mo ṣe dáàbò bo Màmá, kí o lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún Bàbá. Olúkúnlé, àìsàn náà kò kan Màmá rárá. Síbẹ̀, má ṣe bí mo ṣe ṣe.

Oṣù Kẹwàá ló dé ọ̀dọ̀ wa. Àwọn ọmọ ilé ìwé ló gbé e wálé. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, arúgbó mẹ́ta kú ní àdúgbò wa. Adéníran wolé-wolé wá sílé mi, ó ní àwọn àgbà ni àrùn náà ń gbé lọ, pé kí n ya yàrá Màmá sọ́tọ̀, kí abọ́ àti ife wọn dá wà, kí àwọn ọmọ tó ń húkọ́ má sún mọ́ wọn. Ó tún ní kí n fara balẹ̀ ṣàlàyé fún wọn, kí ẹnìkan sì máa jókòó sí ọ̀ọ́kán wọn lójoojúmọ́ kí ó máa bá wọn tàkúrọ̀sọ. Èyí tó kẹ́yìn yìí wọ etí mi kan, ó gba èkejì jáde. Èmi tí mo kọ́ ilé onípáànù láìgba ìrànlọ́wọ́ ẹnìkan, ta ni yóò kọ́ mi bí a ti ń tọ́jú ìyá?

Mo kó obì kúrò ní yàrá ẹ̀yìn, mo fi ẹfun kun ògiri rẹ̀, mo ra bẹ́ẹ̀dì onírin. Kò sí ìyá ẹnikẹ́ni ní Òkè-Ẹ̀jìgbò tó sun irú rẹ̀ rí. Mo ra abọ́ tánganran funfun, mo fi ọ̀dà pupa ṣe àmì sí etí rẹ̀, bí mo ṣe ń ṣe sí apẹ̀rẹ̀ obì mi, kí ẹlòmíràn má baà fi jẹun. Mo wá dúró láàárín àgbàlá, mo fi ohùn tí mo fi ń pe alábàárù pàṣẹ pé ọmọ kankan kò gbọdọ̀ dé ọ̀dọ̀ Màmá mọ́, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ jẹ ṣẹ́kù wọn.

Ìwọ náà mọ ṣẹ́kù Màmá. Òkèlè mẹ́ta àti orí ẹja, fún ọmọ tó bá kéré jù nínú ilé. Àwa méjèèjì la jọ ń du orí ẹja yẹn.

Ọjọ́ tí mo pàṣẹ yìí gan-an ni ara Dàda, àbíkẹ́yìn mi tí ikọ́ náà ti mú, gbóná jù lọ. Àyànlọ́lá, obìnrin ilé kejì, wà ní àgbàlá wa. Ó wo ọmọ, ó wo ilẹ̀kùn Màmá, ó ní, "Ó ti yé wa." Kí ilẹ̀ tó ṣú, àdúgbò ti gbọ́ pé Bọ́lárìnwá ti mọ ẹni tó ń jẹ ọmọ rẹ̀, ó sì ti sé e mọ́lé. Èmi kò gbọ́. Ta ni yóò sọ ọ́ fún mi? Màmá gbọ́ ní tiwọn, láti ojú fèrèsé.

Láti ìgbà tí mo ti dáyé, ilẹ̀ kì í mọ́ kí Màmá má kì mí. Mo di bàbá ọlọ́mọ méje, síbẹ̀ "Àkànjí" ni wọ́n fi ń jí mi. Láti ọjọ́ náà, n kò gbọ́ ọ mọ́. Mo ní bẹ́ẹ̀dì onírin ló ń mú wọn sùn pẹ́.

Ní ọjọ́ kẹwàá, Moríyọ̀ ìyàwó mi gbé ẹ̀kọ lọ, ó bá yàrá lófìfo. Màmá ti gbálẹ̀, wọ́n ti tẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Abọ́ alámì pupa nìkan ni wọ́n mú. Ilé amọ̀ bàbá mi ni wọ́n padà sí, èyí tí ewé òrùlé rẹ̀ ti jẹrà.

Mo lọ bá wọn. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú erùpẹ̀ lójú gbogbo ayé, èmi tí wọ́n ń dọ̀bálẹ̀ fún. Màmá ń jẹun lọ́wọ́. Wọ́n ní, "Dìde, Bàbá Dàda, aṣọ rẹ á dọ̀tí." Mo sọ gbogbo ọ̀rọ̀ wolé-wolé, n kò fi ọ̀kan sílẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Wọ́n ní ó dáa, ó yé àwọn. Mo na ọwọ́ sí abọ́ wọn, wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó.

"Má jẹ ṣẹ́kù mi. Ìwọ lo sọ bẹ́ẹ̀ lójú gbogbo ilé."

Wọ́n wá rán mi létí ọdún àjàkálẹ̀ àrùn tó tẹ̀lé ogun Jámánì àkọ́kọ́, nígbà tí mo wà lọ́mọdé, tí ara mi ń jó bí iná, tí àwọn ará ilé sá lọ sóko. "Ẹnu mi ni mo fi ń rún iṣu fún ọ nígbà náà. N kò ṣe àmì sí abọ́ rẹ." Wọn kò gbé ohùn sókè. Ìbá sàn kí wọ́n gbé e sókè.

Dàda ti ń sáré kiri báyìí. Àwọn ará àdúgbò ní nítorí pé Màmá kúrò nílé ni. Mo ti lọ láti ojúlé dé ojúlé láti tún ọ̀rọ̀ náà ṣe. Wọ́n ń mi orí, wọ́n ní ọmọ gidi ni mí, pé mo ń bo àṣírí ìyá mi. Ẹyin lohùn lóòótọ́, Olúkúnlé, èmi ni mo sì jù ú sílẹ̀.

Nítorí náà, ya Bàbá sọ́tọ̀, má ṣe iyèméjì, ikọ́ náà ń pa àgbà. Ṣùgbọ́n sọ ìdí rẹ̀ fún wọn kí o tó gbé abọ́ kankan kalẹ̀. Sọ ọ́ fún ará ilé náà, ní ohùn jẹ́ẹ́. Gbé àpótí sí ìta yàrá wọn láràárọ̀, kí ẹ jọ máa sọ̀rọ̀ láti ọ̀nà jíjìn díẹ̀. Má jẹ́ kí ọjọ́ kan lọ láìjẹ́ pé wọ́n gbọ́ ohùn rẹ.

Mo sì fẹ́ bẹ̀ ọ́. O mọ̀ pé n kì í bẹ ènìyàn. Bí ikọ́ bá ti tán pátápátá lọ́dọ̀ yín, wá sí Ìlá. Bí kò bá tíì tán, má wá o, nítorí Màmá. N óò dúró. Bí o bá dé, má ṣàlàyé ohunkóhun fún wọn. Ebi ni kí o sọ pé ó ń pa ọ́. Ìwọ kọ́ lo kun abọ́ náà lọ́dà, bóyá wọn yóò jẹ́ kí o jẹ nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá gbà, fi díẹ̀ sílẹ̀, kí o sì pè mí. Ẹnu ọ̀nà ni n óò wà.

Bá mi kí Bàbá, kí ìyàwó rẹ, kí Dinah ọmọ rẹ. Moríyọ̀ ní kí n kí yín. Dàda ń béèrè ọjọ́ tí ìyá àgbà yóò padà wálé.

Èmi ni tìrẹ láti inú abọ́ kan náà,

Ọlájídé Bọ́lárìnwá,
ẹni tí wọ́n ń pè ní Àkànjí tẹ́lẹ̀.