Oògùn Kòkó Nínú Odò Wa

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kejì, 1958
Sùlèímánì àbúrò mi kó ẹja wá láàárọ̀—ẹ̀kún ọkọ̀ kan! Ẹlẹ́rìn-ín ni mò ń pè é, ṣùgbọ́n n kò rí ẹ̀rín lẹ́nu rẹ̀ látìgbà tí ìjì ti fa àwọ̀n rẹ̀ ya. Mo ní àwọ̀n wo ló fi pa á. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣáà bá mi yan án." Mo dáná.

Ìṣẹ́gun, 4
Ẹja wẹ́wẹ́ léfòó lẹ́yìn ilé. Epìyà, edé, àní akàn. Lékeléke méjì kú sínú ẹrẹ̀, ẹja ṣì wà lẹ́nu ọ̀kan.

Ọjọ́rú, 5
Mo ti yan ẹja tán. Ọkàn mi kò gbà kí n tà á.

Ẹtì, 7
Adétutù, ọmọ Moríkẹ́ aládùúgbò wa, mu omi odò. Ó ń bì, ara rẹ̀ ń gbọ̀n. "Ọma mi o!"—ohùn ìyá rẹ̀ nìyẹn, títí ọkọ̀ tó gbé wọn lọ sílé ìwòsàn fi wọnú igbó ẹ̀gbà etí omi.
Mo yà sílé Sùlèímánì. Láídì ìyàwó rẹ̀ nìkan ni mo bá, oyún oṣù mẹ́jọ nínú rẹ̀. Agolo kan wà lábẹ́ pẹpẹ. Òórùn rẹ̀ gún mi nímú. Oògùn tí wọ́n fi ń fín kòkó! Oko kòkó l'Oǹdó ni àbúrò mi ti ṣe lébìrà lọ́dún tó kọjá. Láídì bú sẹ́kún. Ó ní ebi ni.

Àbámẹ́ta, 8
Mo bá Sùlèímánì níbi tó ti ń tún ọkọ̀ ṣe. Ó ní òun da oògùn náà sódò lóòótọ́, ṣùgbọ́n òun rò pé ẹja nìkan ni yóò kú, pé omi yóò gbé ìyókù lọ. Omi ọ̀gbẹlẹ̀—níbo ló ń gbé nǹkan lọ? Mo ní kó lọ sọ fún Baálẹ̀, bí kò bá lọ, èmi á lọ. Ó ní wọ́n á lé òun. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Àánú Adétutù náà ṣe mí.

Àìkú, 9
N kò tíì lọ sọ́dọ̀ Baálẹ̀. Mo fẹ́ kí Sùlèímánì fúnra rẹ̀ lọ.

Ọjọ́ Ajé, 10
Ìpàdé. Wọ́n ní Ògúnlànà ló da oògùn sódò, àlejò tó ń dẹ ìgèrè sétí odò. Àwọn ọ̀dọ́ ti ń fọ́ ìgèrè rẹ̀. Ó búra títí, kò sẹ́ni tó gbọ́. Mo dìde. Kí n tó la ẹnu, ohùn kan dún lẹ́yìn: "Ẹ fi í sílẹ̀. Èmi ni."
Sùlèímánì.
Baálẹ̀ ní kò gbọdọ̀ dẹ odò fọ́dún méjì. Kó ṣa gbogbo òkú ẹja, kó sin wọ́n síbi ilẹ̀ gíga.

Ọjọ́bọ̀, 13
Adétutù ti dé. Ó rù, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló fi rìn wọlé. Mo kí Moríkẹ́, ó ti ilẹ̀kùn mọ́ mi. N kò bá a wí.

Ẹtì, 14
Èmi àti Sùlèímánì la jọ ń sin ẹja. Èyí tí mo yan náà wọ kòtò. Ògúnlànà dé lójijì. Ẹ̀rù bà mí. Ó gba ọkọ́ lọ́wọ́ àbúrò mi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́lẹ̀.
Nígbà tó ṣe, Sùlèímánì ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹja á padà?"
Mo ní n kò mọ̀. Ògúnlànà ṣáà ń gbẹ́.