Bàbá Ìkéde, Tí Ẹ̀rù Wọn Ń Ṣọ́ Àwọn Awakọ̀ Òfurufú

Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹta ọdún 1951 ni a bí bàbá wa, tí gbogbo pápákọ̀ òfurufú mọ̀ sí Bàbá Ìkéde, sí ilé alájà kan tó kọjú sí ibùdó ọkọ̀ ojú irin. Atúnagogoṣe ni bàbá wọn, aránṣọ ni ìyá wọn. Ọmọ mẹ́ta ló ti kú ṣáájú wọn, ìdí nìyẹn tí ìyá wọn kì í fi í jẹ́ kí wọ́n sáré, kí wọ́n gun igi, tàbí kí wọ́n jáde lójò. Ibẹ̀ ni ẹ̀rù ti wọ̀ wọ́n lára, kò sì jáde mọ́.

Wọ́n parí ilé ìwé girama ní ọdún 1969, wọ́n sì kọ́ṣẹ́ akọ̀wé. Ní 1974, wọ́n fẹ́ ìyá wa, nọ́ọ̀sì tí kì í bẹ̀rù ohunkóhun. Ọlọ́run mọ ẹni tó yẹ kó so pọ̀.

Ní 1976, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú gbà wọ́n síṣẹ́, ní yàrá tóóró kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí àwọn awakọ̀ ti ń fọwọ́ síwèé kí wọ́n tó gbéra. Bàbá ló ń kó òfin aṣọ́bodè ìlú gbogbo jọ sínú ìwé ìkéde kan fún wọn: iye ọtí tí awakọ̀ lè gbé wọlé, èso tí kò gbọdọ̀ wọ̀lú, oògùn tó lè sọ èèyàn sẹ́wọ̀n. Àárọ̀ ọjọ́ Ajé ni ìkéde náà ń jáde, lẹ́yìn tí Bàbá bá ti kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Awakọ̀ tó bá fẹ́ yọ́ kọjá, Bàbá á dí i lọ́nà: “Ọ̀gá, ẹ ti kà á? Aṣọ iṣẹ́ kì í ṣe ìwé àṣẹ o! Ohun tẹ́ ẹ bá gbé, ẹ tètè sọ ọ́ kí wọ́n tó bi yín.” Ọdún mẹ́tàdínlógójì ni wọ́n fi ṣe é, àwọn fúnra wọn ò wọ bàlúù rí. Wọ́n ní ilẹ̀ ò já ẹnikẹ́ni sílẹ̀ rí.

Ní 2008, àbígbẹ̀yìn wọn di awakọ̀ òfurufú. Ẹ̀rù tó ti ń ṣe àlejò nílé wá di onílé.

Ní 2011, lọ́jọ́rú kan, òfin tuntun dé: ìlú kan ti ka oògùn ikọ́ kan léèwọ̀, ẹ̀wọ̀n ni fún ẹni tí wọ́n bá bá a lọ́wọ́ rẹ̀. Bàbá fi í pamọ́ di ọjọ́ Ajé kí wọ́n lè kà á lẹ́ẹ̀mẹta pé. Lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì, ìyá wa sọ ọ́ lásán pé ọmọ ń wúkọ́, àwọn sì ti fi irú oògùn yẹn sí báàgì rẹ̀. Ìlú yẹn gan-an ló ń fò lọ. Bàbá tí kì í sáré sáré dé yàrá tí wọ́n ti ń bá bàlúù sọ̀rọ̀. Ọ̀gá ibẹ̀ bi wọ́n pé ìgbà wo lòfin náà dé.

“Ọjọ́rú ni. Ọwọ́ mi ló wà, ẹ̀bi mi ni. Ẹ ṣáà bá mi sọ fún ọmọ mi kó mú un jáde fúnra ẹ̀ kí wọ́n tó tú báàgì ẹ̀!”

Wákàtí mẹ́ta ni Bàbá fi dúró síbẹ̀. Ọmọ gbọ́ ìkìlọ̀, ó mú oògùn jáde fúnra ẹ̀; àwọn aṣọ́bodè gbà á, wọ́n fi ọmọ sílẹ̀. Àṣejù ni baba àṣetẹ́: láti ọjọ́ náà, ọjọ́ tí òfin bá dé ni ìkéde ń jáde.

Bàbá fẹ̀yìn tì ní 2013. Wọ́n ń bá àwọn ará àdúgbò tó ń rìnrìn àjò yẹ ẹrù wò lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n sì ń gbàdúrà fún wọn. Ṣùgbọ́n bí àbígbẹ̀yìn bá ti gbéra, wọn ò ní jẹun. Ẹ̀gbẹ́ fóònù ni wọn ó jókòó sí títí yóò fi kọjá lọ́wọ́ aṣọ́bodè.

Orí àga yẹn ni wọ́n dákẹ́ sí lọ́sàn-án ọjọ́ kọkànlá oṣù yìí, ọmọ ṣì wà lókè. Àkọ́bí ní kí a ránṣẹ́ sí i nínú bàlúù. Ìyá wa kọ̀ jálẹ̀: “Kó má gbọ́ o! Èrò ló kó sẹ́yìn.” Àwa tí a ti ń fi Bàbá ṣe yẹ̀yẹ́ wá jókòó yí wọn ká, ẹ̀rù ń bà wá, a ń wo fóònù. Nígbà tó dún, àbígbẹ̀yìn ni, kò dúró kí a sọ̀rọ̀.

“Bàbá, mo ti jáde. Ẹ lọ jẹun.”



Ìyá wa, ọmọ mẹ́ta àti ọmọ-ọmọ méje ni Bàbá fi sílẹ̀ lọ.

Bàbá wa, ẹ má bẹ̀rù mọ́. Ẹ sùn re o.