Òjìji Àràbà àti Ọmọ Odó Adépéjú

Ilé Olùkọ́,
Òkè Ìjọ,
Ọ̀sí.
Ọjọ́ Kẹjọ, Oṣù Ẹrẹ́nà, 1926.

Ògúndípẹ̀, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa ni lẹ́tà yìí bá ọ? Ṣé ara le? Ìyàwó ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́, pàápàá Fúnmilọ́lá, tí o sọ pé ikọ́ ń yọ lẹ́nu nígbà tí o kọ̀wé kẹ́yìn? Mo gbà á ládùúrà pé ikọ́ náà ti fi í sílẹ̀. Iṣẹ́ rélùwéè ńkọ́? Ṣé oòrùn Jẹ́bà kò tíì yan yín gbẹ? Àwa níhìn-ín wà láàyè, a sì ń dúpẹ́. Ọyẹ́ ti lọ, ooru ti gba ipò rẹ̀, àwọn ènìyàn ti ń dáná sun oko, èéfín sì ń bá wa jẹun ní gbogbo alẹ́. Adépéjú, ìyàwó mi, ní kí n kí ọ. Ó ní òun ṣì ń retí ẹja gbígbẹ tí o ṣèlérí.

Kí n tó sọ ohunkóhun, jẹ́ kí n fi ọkàn rẹ balẹ̀. Ìyá wa ń bẹ láàyè, ilé yín ń bẹ ní ìdúró, ibojì bàbá sì wà nínú iyàrá bí o ṣe fi í sílẹ̀. Mo mọ̀ pé Lábọ̀dé tó ń kó obì lọ sókè ọ̀hún ti sọ fún ọ pé wọ́n fẹ́ wó ilé náà. Kò purọ́. Ní ọjọ́ tó kúrò nílé, bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nìyẹn. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ni mo fẹ́ rò fún ọ, mo sì bẹ̀ ọ́, má fò ó kà. Láti ìgbà náà ni n kò ti lè rí òjìji ara mi nílẹ̀ kí n má dúró wò ó.

O rántí igi àràbà iwájú ilé yín, èyí tí a máa ń ṣa òwú rẹ̀ fi ṣe irùngbọ̀n arúgbó ní kékeré. Ó ti kú. Láti ọdún tó kọjá ni kò ti rúwé mọ́. Ẹ̀ka rẹ̀ ń dá bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan títí ó fi ku ìtì gbọọrọ tó na orí sókè. Ikán wá wọ ìdí rẹ̀, ìhà tó kọjú sí ilé yín gan-an ni wọ́n sì jẹ wọ inú. Àwọn agégi wò ó, ohun kan náà ni gbogbo wọn sọ: ìhà ilé ni yóò wó sí, kò sì sí okùn tí ènìyàn lè fi fà á sí ibòmíràn. Ìwọ náà mọ ìjì àkọ́rọ̀ òjò wa, láti ìlà-oòrùn ló ti ń bọ̀. Bí a kò bá gé igi náà, ìjì yóò gbé e lulẹ̀ fúnra rẹ̀. Bí a bá sì gé e, ṣé orí rẹ̀ yóò dé ilé àbí kò ní dé e? Ẹnì kan á wò ó, á ní àárín iyàrá ló ń bọ̀. Ẹlòmíràn á wò ó, á ní kò lè dé ẹnu ọ̀nà. Ojú lásán ni gbogbo wa fi ń wò ó.

Baálé àdúgbò ní kí a má fi ẹ̀mí ènìyàn ta tẹ́tẹ́. Bí igi bá lè kan ilé, kí a tú òrùlé rẹ̀, kí a wó o, kí a sì mú Ìyá lọ sọ́dọ̀ àwọn ẹbí rẹ̀ ní Kọ́rọ̀. O mọ ìyá rẹ. Ó jókòó sórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí a sin bàbá sí, ó ní, "Mi è é kúò n'ulé ọkọ mi o. Kí ugi ọ̀ún wá bá mi n'bẹ̀." Láti ọjọ́ náà ni kò ti fẹ́ jáde kọjá àgbàlá, nítorí ó rò pé bí òun bá jáde, wọn kò ní jẹ́ kí òun wọlé mọ́.

Níbi tí mo ti ń rò ó kiri ni mo rántí arúgbó tó kọ́ wa ní ìṣirò nígbà tí a jọ wà nílé ẹ̀kọ́, tó máa ń fi ẹfun ya onígun mẹ́ta sára pátákó, tí ìwọ á sì ti máa hanrun lẹ́yìn mi. Mo rò pé nítorí ìdánwò nìkan ni Ọlọ́run ṣe dá onígun mẹ́ta. Arúgbó náà sọ fún wa nígbà náà pé oòrùn kì í ṣe ojúsàájú. Lákòókò kan náà, lórí ilẹ̀ títẹ́jú kan náà, bí òjìji igi kékeré bá gùn tó igi kékeré fúnra rẹ̀, òjìji igi ńlá náà á gùn tó igi ńlá. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ mọ gígùn igi tí kò lè gùn, kó wọn òjìji rẹ̀ nílẹ̀. Mo sáré lọ bá Àáfà Tìjání, ẹni tó kàwé ní Ìlọrin tí mọ́ṣáláṣí rẹ̀ wà ní ìsàlẹ̀ ilé yín, nítorí òun ló ni okùn gígùn jù ládùúgbò.

Mo rò pé n ó máa ṣàlàyé fún un títí. Ẹ̀rín ló bú sí. Ó ní òjìji náà ni àwọn fi ń mọ àkókò ìrun Àlàsárì, pé bí òjìji nǹkan bá ti tó nǹkan, àkókò tó nìyẹn. Inú mi dùn débi pé mo dì mọ́ ọn. A fẹnu kò pé kí n má wulẹ̀ ri igi kékeré kankan mọ́lẹ̀. Bí ládàánì bá ti pe ìrun, kí n sáré kan èèkàn mọ́ ibi tí òjìji àràbà dé. Bí a ṣe ṣe nìyẹn. Òjìji náà na gbalaja sórí pápá ní ìhà kejì. A fi okùn wọ̀n ọ́n láti ìdí igi, a sì gbé okùn kan náà padà sí ìhà ilé.

Ọ̀rẹ́ mi, okùn náà kọjá àgbàlá, ó gba ẹnu ọ̀nà wọlé, ó sì wọ iyàrá. Orí ibojì bàbá rẹ ni òpin rẹ̀ balẹ̀ sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ Ìyá. Ó wo okùn, ó wò mí. Baálé ní ó tó, kí àwọn ọ̀dọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í tú òrùlé ní ọjọ́ kẹrin. Ìròyìn tí Lábọ̀dé gbé bá ọ nìyẹn. Èmi ni mo mú okùn wọlé, n kò sì lè jẹun nílé mi ní ọjọ́ náà.

Ní ọjọ́ kejì, Adépéjú ń gúnyán lẹ́yìnkùlé nígbà tí ládàánì pe Àlàsárì. Ó gbé ọmọ odó dúró ṣánṣán sílẹ̀ kó lè nu òógùn. Mo rí òjìji ọmọ odó nílẹ̀, n kò sì mọ ohun tó sún mi tí mo fi gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ tí mo tẹ́ ẹ lé òjìji tí mo ti fi ẹsẹ̀ sàmì sí. Ọmọ odó kò tó òjìji rẹ̀. Ó kù púpọ̀. Mo tún un gbé dúró, mo tún un tẹ́, bákan náà ni. Adépéjú ní ṣé oòrùn ló ń yọ mí lẹ́nu ni, iyán ń tutù. Mo ti ń sáré lọ sí mọ́ṣáláṣí.

Mo dúró dè é títí ó fi kírun tán. Nígbà tí mo sọ ohun tí mo rí, Àáfà Tìjání gbá àyà rẹ̀. Ó ní òdodo ni, àwọn kì í bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Lọ́sàn-án gangan, nígbà tí oòrùn bá wà lókè tán, òjìji kékeré kan ṣì máa ń ṣẹ́kù nílẹ̀ ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn bí èyí. Èyí tó bá gùn lé ti ọ̀sán náà ni wọ́n ń kà. Ó ti mọ èyí pẹ́ débi pé kò rántí pé ó yẹ kí òun sọ ọ́, èmi náà kò sì rántí pé ó yẹ kí n béèrè. Àwa méjèèjì la jọ fa igi náà gùn. Ohun tó wá yà mí lẹ́nu jù ni èyí tó fi kún un: ó ní bí àkọ́rọ̀ òjò bá ti ń sún mọ́, òjìji ọ̀sán á máa kúrú lójoojúmọ́, títí ọjọ́ kan á fi dé tí yóò wọ abẹ́ ẹsẹ̀ ènìyàn pátápátá, tí ènìyàn kò ní ní òjìji rárá. Ká ní ọjọ́ náà la wọn igi ni, ìpè rẹ̀ ì bá bá onígun mẹ́ta mi mu rẹ́gí. Ojoojúmọ́ ayé mi ni mo ti ń rìn lábẹ́ oòrùn yìí, n kò mọ̀ pé ó ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ní ọ̀la rẹ̀, a kò dúró de ìpè. A gbé ọmọ odó Adépéjú dúró ní gbangba, a ń wo òjìji rẹ̀ bó ṣe ń gùn, títí ó fi bá ọmọ odó dọ́gba. Kíá la kan èèkàn mọ́ òjìji àràbà. Baálé kò gbà. Ó béèrè pé ṣé igi náà ti kúrú láàárín ọjọ́ méjì ni. Ẹ̀tọ́ ló béèrè. Mo ti mọ̀ pé yóò béèrè, nítorí náà a ti kan èèkàn mìíràn lákòókò kan náà mọ́ òjìji ọ̀pẹ tó wà lẹ́bàá ọ̀nà, ní ibi tí àwọn imọ̀ ti pàdé ara wọn lórí rẹ̀. Bẹ̀llò tó ń kọ ẹyìn fi igbà gun ọ̀pẹ náà, ó so òkúta mọ́ okùn, ó sì sọ ọ́ kalẹ̀ láti ibẹ̀ títí ó fi kanlẹ̀. A gé okùn náà, a tẹ́ ẹ lé òjìji ọ̀pẹ. Láti ìdí ọ̀pẹ dé èèkàn, ó bá a mu. Gbogbo èrò kàn dúró, wọ́n ń wo okùn, wọ́n ń wo òkè. Àwọn arúgbó méjì ṣí fìlà. Ẹ̀rù bà mí, bí ẹ̀rù ṣe máa ń ba ènìyàn nínú ilé Ọlọ́run.

Nígbà tí a wá gbé okùn àràbà padà sí ìhà ilé, ó kọjá àgbàlá, ó sì dúró níwájú ẹnu ọ̀nà. Kò dé ibẹ̀. Àlàfo tó kù kò ju kí ènìyàn na ara rẹ̀ sílẹ̀ lọ. A kan èèkàn mọ́ ọn. Baálé wo àlàfo náà pẹ́, ó wá kọjú sí mi níwájú gbogbo ènìyàn. Ó ní bí Àbẹ̀bí, ìyá rẹ, kò bá fẹ́ jáde, tí ìwé mi sì ní igi kò ní kàn án, ǹjẹ́ èmi náà lè wọlé lọ jókòó tì í? Mo rò ó pé oòrùn ni mo gbójú lé, kì í ṣe ara mi. Mo ní n ó jókòó.

Bí mo ṣe wà nínú iyàrá yín nìyẹn ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, èmi àti ìyá rẹ, bàbá láàárín wa nínú ilẹ̀, tí a ń gbọ́ àáké níta. Adépéjú ń sunkún lọ́dọ̀ àwọn obìnrin, mo ń gbọ́ ohùn rẹ̀. Ìyá bi mí bóyá ó dá mi lójú. Mo ní ó dá mi lójú. Ó ní, "Kí ló wá dé tí o di ẹní mú báyìí?" Ó gba ọwọ́ mi, ó fi sáàárín tirẹ̀, ó sì dì í mú. Àáké dákẹ́. Igi náà han, ó han pẹ́, bí ilẹ̀kùn tí a kò ṣí láti ọjọ́ pípẹ́. Lẹ́yìn náà ni ilẹ̀ mì, amọ̀ já bọ́ lára ògiri lé wa lórí, eruku sì bo iyàrá débi pé n kò rí Ìyá mọ́. Ọwọ́ rẹ̀ nìkan ni mo ń gbá mú. Nígbà tí eruku rọlẹ̀, òrùlé wà lókè, ògiri wà ní ìdúró, ilẹ̀ tó bo bàbá kò là.

A jáde. Orí àràbà sùn sílẹ̀ ní àgbàlá, èèkàn náà sì wà níwájú rẹ̀, ní ìdúró, igi kò tẹ̀ ẹ́. Èérún igi kan ló fò ba koríko òrùlé jẹ́ díẹ̀, a sì ti fi bẹẹrẹ tún un ṣe. Àáfà Tìjání kúnlẹ̀ níbẹ̀, ó forí kanlẹ̀. Èmi náà kúnlẹ̀. Mo sunkún, n kò sì fi pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ṣé o rí i, Ògúndípẹ̀, ohun kan náà ni oòrùn sọ fún ọmọ odó àti fún àràbà, láti ìgbà tí ayé ti wà ló sì ti ń sọ ọ́, kó tó di pé a bí ẹni tó fi ẹfun yà á sára pátákó.

Bá mi kí ìyàwó àti àwọn ọmọ. Bá mi kí gbogbo ará Ọ̀sí tó wà níbẹ̀. Bí Lábọ̀dé bá tún kọjá, sọ fún un kó tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ. Ọmọ odó Adépéjú ti di ohun àpéwò. Kò lè gúnyán mọ́ láìjẹ́ pé àwọn ènìyàn yà wá wò ó, ó sì ń fi mí bú.

Inú ìdì tí ẹni tó mú lẹ́tà yìí wá yóò fún ọ, wàá bá okùn kan níbẹ̀. Má fi so ẹrù. Ìyá rẹ ló gé e fúnra rẹ̀ ní ọjọ́ náà, kó tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé igi kúrò: ó tẹ́ ẹ láti orí àràbà dé ẹnu ọ̀nà, ó sì fi ọ̀bẹ gé ibi tó parí sí. Ó ní kí o tẹ́ ẹ sílẹ̀ nínú iyàrá rẹ, kí o dùbúlẹ̀ tì í. Ó ní bí ó ṣe kù tó nìyẹn.

Èmi ni, tìrẹ bí ti àná,
Lazarus.