Àpò Ìwé Tí Ẹ Ṣí, Bàbá

Bàbá mi, àsàlámù àlékúmù. Ẹ kú ilé o, ẹ kú iṣẹ́ kéú, ẹ kú ojú lọ́nà ọmọ. Mo kúnlẹ̀ kí Ìyá mi láti ibi tí òtútù ti ń ta ni létí. Mo kí ẹ̀gbọ́n yín ní Òkè-Oyì, mo gbọ́ pé àgbàdo wọn ṣe dáadáa lọ́dún yìí. Gàníyù àbúrò mi ni mo fi ṣe ìkẹyìn, torí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló mú mi kọ lẹ́tà yìí, tí mo sì ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ síbi tí gbogbo ayé á ti rí i. Gbangba ni mo ti bú u, lójú gbogbo ẹbí lórí Wasáàpù. Kò yẹ kí n wá máa bẹ̀ ẹ́ ní kọ̀rọ̀.

Ẹ mọ̀ pé ilé àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Kánádà níbí. Mò ń wẹ̀ fún wọn, mò ń pààrọ̀ aṣọ bẹ́ẹ̀dì wọn. Mi ò kórìíra iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n ọdún márùn-ún ni mo fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò ní láàbù, níbí yìí wọn ò jẹ́ kí n fọwọ́ kan ìgò ẹ̀jẹ̀ kan ṣoṣo. Wọ́n ní àfi kí àjọ tó ń yẹ ìwé àwọn àlejò wò kọ́kọ́ sọ pé ìjọba Nàìjíríà fọwọ́ sí ẹ̀kọ́ náà lọ́dún tí mo ṣe é, pé máàkì mi sì jẹ́ òótọ́. Ti ìjọba ti já sí rere. Ó ku máàkì. Ọsibítù kan ti gbà mí sí láàbù wọn, wọ́n ní àwọn á fi àyè náà dè mí di ìparí oṣù tó ń bọ̀. Tí ìwé mi ò bá tíì pé nígbà náà, ẹlòmíì ni wọ́n á gbà.

Òfin àjọ náà kò le. Yunifásítì ni kó fi ìwé máàkì sínú àpò, kó lẹ̀ ẹ́ pa, kó lu òǹtẹ̀ lé ojú ibi tó lẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì ṣí i títí tó fi máa dọ́wọ́ àwọn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni Gàníyù fi ń wọ kẹ̀kẹ́ láti Tanke, àdúgbò àwọn ọmọ yunifásítì, lọ sí ọgbà yunifásítì, tí wọ́n ń ní kó lọ kó bọ̀. Ọjọ́ tó rí i gbà, ó gbé e wálé wá kí yín, kó tó lọ fi ránṣẹ́ ní Post Office láàárọ̀ ọjọ́ kejì.

Ọjọ́ tí yìnyín dí ẹnu ọ̀nà ilé mi ni àjọ náà kọ̀wé pé ẹnì kan ti ṣí àpò náà, ó sì ti lẹ̀ ẹ́ padà, àwọn ò gbà á. Wọ́n ní tó bá tún ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, àwọn á ka ìwé mi sí ayédèrú, àwọn á sì ti fáìlì mi pa. Mi ò tilẹ̀ jókòó kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í bú Gàníyù. Mo pè é ní ọ̀dàlẹ̀. Mo ní ìlara ló ń ṣe é, torí òun ò tíì rí ọ̀nà jáde. Ẹ̀yin ò sí lórí Wasáàpù, ẹ ò mọ̀ pé mo bú u. Gàníyù kàn ní kí n má bínú.

Ní ọjọ́ kẹta, obìnrin tó ń bójú tó fáìlì mi fi fọ́tò kan ránṣẹ́. Ó ní àwọn rí bébà pélébé kan nínú àpò náà tí kì í ṣe ti yunifásítì, kí n wá ṣàlàyé ohun tí wọ́n kọ sí i. Tàdáwà ni wọ́n fi kọ ọ́, lédè Lárúbáwá, ìrù àwọn lẹ́tà náà sì gùn wálẹ̀ bí ẹ ṣe máa ń kọ ọ́ sí wàláà fún wa. Mo ti mọ̀ ọ́n kí n tó kà á. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, mo ń sunkún, mi ò mọ̀ bóyá inú ló ń bí mi ni o, tàbí àárò yín ló ń sọ mí. Mo ṣàlàyé fún obìnrin náà pé àdúà ni, pé bàbá mi ló kọ ọ́. Ó fi pẹ̀lẹ́ dá mi lóhùn pé òun gbọ́, ṣùgbọ́n òfin ò ní àyè fún àdúà.

Kí n sọ òótọ́, inú bí mi sí yín, Bàbá. Lẹ́yìn náà ni mo rántí ọjọ́ tí ẹ mú mi dání lọ síbi tí ìjọba ti ń gba olùkọ́ Lárúbáwá. Ìwé tí Alfa yín àgbà fi fún yín láṣẹ láti kọ́ni wà lọ́wọ́ yín, ẹ fi aṣọ funfun wé e. Akọ̀wé náà kò kà á débi kankan. Ó ní ìyẹn kì í ṣe sátífíkéètì, pé ìjọba ò mọ̀ ọ́n. Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ tún ìwé yín wé, a sì gba ilé lọ. Mo kéré nígbà náà, ebi ló ń pa mí, mi ò mọ̀ pé ó dùn yín tó bẹ́ẹ̀. Nísinsìnyí tí àwọn tí kò mọ̀ mí ń yí ìwé mi síwá sẹ́yìn, mo ti mọ̀. Ẹ ò fẹ́ kí wọ́n ṣe mí bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe ṣí àpò náà.

Gàníyù ti jẹ́wọ́ fún mi. Ó ní òun wọlé bá yín níbi tí ẹ ti ń fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ padà, òun sì rò pé wọn ò ní mọ̀. Nígbà tí wàhálà dé, ó ní ó sàn kí n bú òun ju kí n gbóhùn sókè sí yín lọ. Gàníyù, mo tọrọ àforíjì lójú gbogbo èèyàn. Ìwọ kọ́ ni ọ̀dàlẹ̀, ẹnu mi ló yá jù.

Ó wá sọ ohun kan tí ó gbé mi lọ́kàn. Ó ní látìgbà tí ẹ ti gbọ́ pé wọ́n dá ìwé náà padà, ẹ ò ṣe àdúà sí ìwé ẹnikẹ́ni mọ́. Àwọn ọmọ yunifásítì tó máa ń gbé sátífíkéètì wá bá yín láti Tanke, ẹ ń ní kí wọ́n máa lọ, pé ọwọ́ yín ló ba ti ọmọ yín jẹ́.

Yunifásítì ti gbà láti fún wa ní òmíràn. Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ ni Gàníyù máa gbà á. Ohun tó wà lọ́kàn mi tẹ́lẹ̀ ni pé kó gbé e lọ sí Post Office tààrà, kó má ya ilé rárá. Mo ti yí i padà. Mo ní kó gbé e wá fún yín. Ó ní ẹ̀rù ń ba òun. Ẹ̀rù ń ba èmi náà, torí tó bá bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, ó parí nìyẹn. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ wọ láàbù kankan tí àdúà yín ò bá mi wọ̀.

Kí Ọlọ́hun dá yín sí fún wa, kó fún ẹ̀yin àti Ìyá ní àlàáfíà, kó jẹ́ kí n padà wá bá yín láyọ̀. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé, ẹ kí àwọn ọmọ kéú. Tí àpò náà bá dé lọ́jọ́bọ̀, ẹ gbé e lé itan yín, ẹ ka gbogbo ohun tí ẹ bá fẹ́ kà sí i. Ọlọ́hun tí ẹ ń ké pè lè rí inú rẹ̀ láìṣí i. Lẹ́yìn náà, kí ẹ fọwọ́ ara yín gbé e fún Gàníyù, kó máa lọ.

Èmi ni Rùkáyátù, ọmọ yín tó ń retí.