Ọ̀já Tó Wà Nínú Àsíá

Bàbá mi Télọ̀,

Ẹ kú àìrí ara wa láti ìgbà tí ẹ ti lọ sọ́run. Tépù yín wà lọ́rùn mi bí mo ṣe ń kọ ìwé yìí, nítorí ẹ̀yin lẹ kọ́ mi láti máa gbé e kọ́rùn lọ síbi gbogbo. Ara mi le. Ìlú ló le jù mí lọ: àtúnrán ló kún ṣọ́ọ̀bù, ẹni tó ń gbé aṣọ tuntun wá kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ńlá kan dé, òun ni mo fẹ́ rò fún yín.

Ẹ rántí àsíá ẹgbẹ́ àwa ọmọ Ìgbómìnà tí ẹ rán nígbà owó epo rọ̀bì, nígbà tí àwọn ará Èkó ń gbé mọ́tò tuntun wọ Ọ̀mù-Àrán? Ó ti gbó. Ẹgbẹ́ ní kí n rán òmíràn, wọ́n sì fẹ́ kọ orúkọ ẹni tó kọ́kọ́ ronú rẹ̀ sínú ìwé ètò ọdún. Ibẹ̀ ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀. Ìdílé kan ní Èkó ní bàbá àwọn ló mú un ti ìlú òyìnbó bọ̀. Olùkọ́ àgbà kan ní Òrò ní òun ló yà á. Ni mo bá dìde láàárín ìpàdé, mo búra pé bàbá mi ló ronú ẹ̀ látòkèdélẹ̀. Ẹ sáà mọ ẹnu mi, kì í dúró dè mí.

Mo lọ sí Òrò láti lọ pa olùkọ́ náà lẹ́nu mọ́. Ó gbé ìwé àtijọ́ kan tó ya àsíá náà sí jáde: àwọ̀ ewé lókè, funfun nísàlẹ̀, ère òkúta Èsìẹ́ jókòó sórí funfun náà, ọwọ́ lórí orúnkún. Ojú tì mí, mo jẹ iṣu tí ìyàwó rẹ̀ gbé fún mi. Ṣùgbọ́n mo rí i pé ìlà aláró tó wà láàárín àwọ̀ ewé àti funfun lára àsíá wa kò sí nínú àwòrán tirẹ̀. Ìlà yẹn ni àwọn olóyè ẹgbẹ́ máa ń sọ pé ó dúró fún ìfaradà àwọn baba ńlá wa. Inú mi dùn, mo ní ti bàbá mi nìyẹn.

Mo délé, mo tú àsíá àtijọ́. Ìlà aláró náà kì í ṣe aṣọ ọjà, kíjìpá ni, irú èyí tí àwọn obìnrin wa ń hun nínú ilé. Olúkúlùkù ahunṣọ ló ní bó ṣe ń parí etí aṣọ rẹ̀. Òwú funfun méjì ló wà létí èyí, pupa kan tẹ̀lé e. Ta ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní àdúgbò wa bí kò ṣe Màmá?

Mo gbé e lọ bá wọn níbi tí wọ́n ti ń ṣa ẹ̀wà. Wọ́n fọwọ́ pa etí rẹ̀, wọ́n bú sẹ́rìn-ín.

"Ọ̀já rẹ rè é. Bàbá rẹ ló gé àwọ̀ ewé kúrú!"

Bàbá! Ẹ̀yin tí ẹ ń fi rúlà gbá mi lọ́wọ́ bí n kò bá wọn aṣọ lẹ́ẹ̀mẹta! Màmá ní aṣọ ewé ti tán lọ́jà, ayẹyẹ sì ku ọ̀la, lẹ bá gba ọ̀já tí wọ́n fi ń pọ̀n mí, ẹ fi dí àlàfo. Wọ́n ní mo sunkún títí ilẹ̀ fi ṣú, nítorí kò sí ọ̀já láti fi pọ̀n mí. Lọ́jọ́ kejì, àwọn olóyè fún ìlà náà ní ìtumọ̀, ẹ̀yin sì ń mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Kí ló dé tí ẹ ò sọ? Ṣé ojú ló ń tì yín? Àbí ó dùn mọ́ yín bí iṣẹ́ ọwọ́ Màmá ṣe ń fẹ́ lókè orí gbogbo èèyàn?

Mo bínú sí yín fún ọjọ́ mẹ́ta. Mo ti búra, orúkọ yín sì ni ogún tí mo ní, n kò fẹ́ kí wọ́n fi rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Ọjọ́ ìpàdé, mo dìde. Mo ní olùkọ́ ló yà á, bàbá mi ló rán an, ìyá mi ló hun ìlà àárín, àṣìṣe inú rẹ̀, bàbá mi ló ni ín. Wọ́n rẹ́rìn-ín lóòótọ́, àwọn ará Èkó náà rẹ́rìn-ín. Akọ̀wé béèrè bóyá kí òun kọ ti àṣìṣe náà. Mo ní kó kọ ọ́ gàdàgbà. Màmá jókòó níwájú, wọ́n ń tún gèlè tí kò yẹ̀ ṣe.

Òní ni mo gé àsíá tuntun. Àwọ̀ ewé àti funfun àtijọ́ ti ya, kíjìpá Màmá nìkan ni nǹkan kan kò ṣe. Aṣọ ewé tí wọ́n rà lọ́tẹ̀ yìí tó, ó tiẹ̀ ṣẹ́kù. Mo wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹta bí ẹ ṣe kọ́ mi. Lẹ́yìn náà mo mọ̀ọ́mọ̀ gé e kúrú, ìwọ̀n ọ̀já kan.

Èmi ni, ọmọ yín tó fẹ́ràn yín,
ẹni tó ni ọ̀já.