Káàdì Ọsibítù Tí Ẹ Jù Sínú Iná

                                        Ilé Àwọn Olùkọ́,
                                        Àpótí Ìfìwéránṣẹ́ 41,
                                        Èsìẹ́, Ìpínlẹ̀ Kwara.
                                        Ọjọ́ kẹjọ, oṣù Kejì, ọdún 1999.

Ẹ̀gbọ́n mi Rhoda,

Ẹ kú ilé, ẹ kú ọ̀wọ́n epo tí a gbọ́ pé ó le ní Èkó ju tiwa lọ. Ṣé ara ọkọ yín ti yá? Àwọn ọmọ ńkọ́? Bí Màmá ṣe kọ́ mi láti máa kí yín nìyẹn, mo sì ti kí yín. Inú ń bí mi sí yín gan-an, ẹ má retí ọ̀rọ̀ dídùn.

Ọjọ́ Ẹtì ni lẹ́tà yín tẹ̀ mí lọ́wọ́. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì kí n tó gbà pé ẹ̀yin lẹ kọ ọ́. Èmi sọ fún yín pé dókítà Ìlọrin gbọ́ ariwo kan nínú ọkàn mi, pé ẹ̀rọ sì fi hàn pé ihò wà níbẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi. Mo rò pé àánú mi á ṣe yín. Ẹ̀yin wá dáhùn pé ẹ ti mọ̀ láti ọdún 1963. Pé òyìnbó oníṣègùn sọ ọ́ fún ẹ̀yin àti Màmá nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún méje, ó ní kí ẹ máa gbé mi wá fún àyẹ̀wò, àti pé ẹ̀yin tí ẹ mọ̀wé lẹ ju káàdì ọsibítù tó kọ ọ́ sí sínú iná. Nítorí kí ni? Nítorí pé àwọn àna yín ń wádìí ìdílé wa lọ́wọ́, ẹ kò sì fẹ́ kí wọ́n gbọ́ pé àrùn ọkàn wà nílé wa. Ẹ sọ fún Màmá pé ó ti tán lára mi, ó sì gbà yín gbọ́ títí ó fi kú.

Ṣé ẹ rántí ìgbà tí mo ń gbé lọ́dọ̀ yín ní Sùúrùlérè, nígbà tí owó epo gbòde? Apá kan orí mi á máa fọ́ bí igi tí wọ́n ń là, màá máa rí iná yẹ́ríyẹ́rí, màá máa bì. Bí mo bá sápamọ́ sínú òkùnkùn, ẹ̀yin á wá ṣí kọ́tìnì, ẹ á ní kí n dìde lọ fọ abọ́ àlejò, pé orí túúlu wo, ọ̀lẹ ni. Ẹ ń pè mí lọ́lẹ, ẹ sì mọ ohun tó wà láyà mi.

Mi ò ní purọ́ mọ́ dókítà. Ó ní kò tíì dá àwọn lójú pé ihò náà ló ń fa ẹ̀fọ́rí. Àwọn kan lára wọn ń fura pé ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kó gba inú ẹ̀dọ̀fóró kọjá ló ń gba ojú ihò yọ́ lọ sórí, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ èèyàn ló ní ihò yìí tí orí kì í fọ́ wọn. Ohun tó tẹnu mọ́ ni pé ó lè wà nínú ìdílé. Helen ọmọ mi náà ń rí iná lójú kí orí tó fọ́ ọ. Dókítà ní kí a yẹ ọkàn rẹ̀ wò kó tó lóyún.

Ẹ̀yin wá kọ̀wé pé kí n panu mọ́ títí àwọn ará Òrò tó ń fẹ́ Helen á fi gbé e níyàwó, pé ẹ̀yin lẹ máa gba àlejò wọn gẹ́gẹ́ bí àgbà ilé, kí n má dójú tì yín. Ohun tí ẹ fi mí ṣe náà lẹ fẹ́ fi ọmọ mi ṣe. Ojú ò tiẹ̀ tì yín.

Mi ò panu mọ́. Mo gbé lẹ́tà yín fún Helen. Ó kà á tán, ó kó o sínú báàgì, ó gun ọ̀kadà lọ sí Òrò, ó fún Lawrence àfẹ́sọ́nà rẹ̀. Lawrence gbé e fún bàbá rẹ̀. Bàbá náà kà á dé ìsàlẹ̀, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó bi Helen bóyá ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ gan-an ló kọ ọ́. Ẹkún ni Helen fi dá a lóhùn.

Lọ́jọ́bọ̀ tó ń bọ̀, Lawrence ló máa bá a lọ sí Ìlọrin. Wọ́n ní ohunkóhun tí àyẹ̀wò bá sọ, àwọn ń bọ̀ wá tọrọ ìyàwó. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n bẹ̀ mí fún, pé kí ẹ̀yin má wà níbẹ̀. Mo ti bá yín gbà fún wọn.

Ẹ bá mi kí ọkọ yín. Ẹ kí Barnabas ọmọ yín, tí ó di orí mú láti àárọ̀ dalẹ́ lọ́jọ́ Kérésì. Ẹ gbé e lọ kí wọ́n gbọ́ àyà rẹ̀.

Àbúrò yín ṣì ni mí,
Rúùtù Ọláìyá